Orúkọ Kan Ṣoṣo Kò Tó: Bí Mo Ṣe Tọpasẹ̀ Ìdílé Stephen Hopkins Dé Hampshire

Ní ọjọ́ tí a sọ ọmọ-ọmọ mi lórúkọ ní Southampton, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ki ọmọ náà láti Ìbàdàn lórí fóònù. Ó pe ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ ní ọmọ Oníkòyí, ó pè é ní Èṣọ́ tí kì í gbọfà lẹ́yìn, ohùn rẹ̀ sì gba gbogbo yàrá náà kan, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wa tí ó fi Ìkòyí ṣe ilé rí. Ogun ni ó tú àwọn baba ńlá wa ká, Ìbàdàn ni wọ́n sá wá, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí baba wa àti baba baba wa sí. Ṣùgbọ́n oríkì kò gbàgbé ibi tí wọ́n ti ṣí wá. Nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀ fún àna mi, ìyá ìyàwó ọmọ mi, tí ó ti Massachusetts wá bá wa ṣe ìkómọ, ó dákẹ́ díẹ̀, ó sì sọ pé ìdílé tàwọn náà mọ ibi tí baba àwọn ti ṣí wá. Ó mú ìwé kan tí a ká sí mẹ́rin jáde nínú àpò rẹ̀, ó sì tẹ́ ẹ sórí tábìlì láàárín oyin àti obì.

Orúkọ ni ó kún inú ìwé náà, láti orí ìyá rẹ̀ lọ sókè títí dé orí ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Stephen Hopkins, tí ó wọ ọkọ̀ Mayflower lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1620. Baba àgbà àna mi ni ó fi yíǹkì dúdú kọ gbogbo rẹ̀, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ sì gún régé. Lókè orúkọ Stephen, ó kọ ọ́ pé Wortley ni wọ́n ti bí i, abúlé kan nítòsí Wotton-under-Edge ní Gloucestershire, ó sì kọ orúkọ ìyàwó àkọ́kọ́ tí Stephen fẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: Constance Dudley. Àna mi mọ̀ pé mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó sì mọ̀ pé England ni mo ń gbé. Ó bẹ̀ mí pé kí n bá òun lọ wo Wortley, kí n ya fọ́tò ibẹ̀ wá fún ọmọ tuntun, kí ọmọ náà lè mọ ilé ìyá rẹ̀ bí ó ti mọ ilé baba. Mo gbà tọkàntọkàn, nítorí pé iṣẹ́ tí àna ẹni bá rán ni kì í ṣe ohun tí a ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. N kò lọ sí Wortley títí di òní, ìdí rẹ̀ ni mo sì fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti kọ́kọ́ wá a, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe. Láàárín ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo, mo ti rí àtẹ ìran bíi mélòó kan tí àwọn ọmọ Hopkins tẹ́ síbẹ̀, tí wọ́n gbà pé Wortley ni, tí wọ́n sì dárúkọ Constance Dudley. Inú mi dùn, mo rò pé ẹ̀rí ti pọ̀. Nígbà tí mo wò ó dáadáa ni mo rí i pé àtẹ kan ń da èkejì kọ ni, títí dé orí àṣìkọ kékeré kan nínú orúkọ ìlú tí gbogbo wọn jọ ní. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó sọ ìwé tí ó ti rí ọ̀rọ̀ náà. Bí ènìyàn ogún bá sọ ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu ẹnì kan, ẹ̀rí ẹnì kan náà ni ó ṣì jẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo ra ìwé àkọsílẹ̀ tuntun kan, mo sì pinnu pé yíǹkì ni n óò fi kọ ohun tí ìwé ìgbà náà fúnra rẹ̀ bá jẹ́rìí sí, pẹ́ńsùlù ni n óò fi kọ ìyókù.

Ibi tí ènìyàn kú sí ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ bí a bá fẹ́ mọ ibi tí wọ́n bí i sí. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti England, Stephen Hopkins yóò pọ̀ jù fún mi, nítorí Hopkins jẹ́ orúkọ tí ó wọ́pọ̀ ní gúúsù àti ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ náà, Stephen pẹ̀lú kò sì ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n ní Plymouth ti Amẹ́ríkà, ibi tí àwọn èrò Mayflower tẹ̀dó sí, ẹyọ kan ni, àwọn tí ó bá a gbé sì kọ̀wé nípa rẹ̀. William Bradford, tí ó ṣe gómìnà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, to orúkọ gbogbo àwọn èrò ọkọ̀ Mayflower ní ìdílé-ìdílé. Ó kọ ọ́ pé Stephen Hopkins wà nínú ọkọ̀ náà pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ Elizabeth. Pé ọmọ méjì tí ń jẹ́ Giles àti Constance bá a lọ, tí ìyàwó kan ṣáájú bí fún un. Pé Elizabeth bí Damaris àti Oceanus. Àti pé ìránṣẹ́ méjì, Edward Doty àti Edward Leister, wà pẹ̀lú wọn. Orí agbami òkun ni wọ́n bí Oceanus sí, ìyẹn ni wọ́n ṣe fi òkun sọ ọ́ lórúkọ. Nígbà tí mo sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn, kíá ni ó dáhùn pé, «Abíọ́nà ni ọmọ yẹn.» Òótọ́ ni ó sọ. Ọmọ náà kò pẹ́ láyé. Nígbà tí wọ́n pín àwọn ẹran ọ̀sìn Plymouth ní ọdún 1627, orúkọ rẹ̀ kò sí lára àwọn tí wọ́n pín in fún mọ́.

Gbólóhùn kékeré tí Bradford fi sí àárín, pé ìyàwó kan ṣáájú ni ó bí Giles àti Constance, ni ó mú kí n jí dìde lórí ìjókòó. Ó túmọ̀ sí pé kì í ṣe Stephen Hopkins nìkan ni ó yẹ kí n máa wá ní England. Ẹni tí mo ń wá ni Stephen Hopkins tí ó bí Giles, tí ó sì bí Constance, ṣáájú ọdún 1620. Orúkọ mẹ́ta tí ó so pọ̀ nínú ilé kan ṣọ̀wọ́n ju orúkọ kan lọ fíìfíì, pàápàá nígbà tí Giles àti Constance kì í ṣe orúkọ tí ó wà ní ojúlé gbogbo bíi John àti Mary.

Ìwé ìhágún rẹ̀ ti ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 1644 fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Nínú rẹ̀ ni ó ti fún Giles ní akọ màlúù ńlá kan tí ó wà lọ́wọ́ ìyáàfin Warren, ó fún Stephen ọmọ Giles ní ṣílè ogún tí ìyáàfin náà jẹ lórí akọ màlúù yìí, ó sì fún Constance, ìyàwó Nicholas Snow, ní abo ẹṣin kan. Mo fẹ́ràn ìwé náà púpọ̀. Ọkùnrin tí ó ti rí òkun lẹ́ẹ̀mejì, tí ó ti bọ́ lọ́wọ́ ikú bí n óò ṣe sọ, jókòó níkẹyìn, ó ń ro ti owó ìháyà màlúù tí yóò kan ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí mo fi mọ̀ pé ó ti ní ìyàwó àti ọmọ tipẹ́. Ní ọdún 1609, ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ Sea Venture gbéra láti Plymouth ti England lọ sí Jamestown ní Virginia. Ìjì bá a lójú òkun, ó sì fàya sórí òkúta ní Bermuda ní òpin oṣù keje. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Stephen Hopkins, tí ó ń ṣe akọ̀wé fún àlùfáà wọn, wà nínú ọkọ̀ náà. Nígbà tí ó di oṣù kìíní ọdún 1610, ó ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé àṣẹ gómìnà ti parí lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ti fọ́, pé kò sí ẹni tí ó lè fi dandan mú àwọn mọ́. Wọ́n mú un, wọ́n dá a lẹ́jọ́ ikú. William Strachey, tí ó wà níbẹ̀, ròyìn pé ó sunkún, ó sì ń dárò ìyà tí yóò jẹ ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ bí òun bá kú, títí àwọn ènìyàn pàtàkì fi bá a bẹ gómìnà tí ó sì dárí jì í. Pé ẹni yìí kan náà ni ó tún wọ Mayflower kì í ṣe àròsọ lásán. Nígbà tí àwọn èrò Mayflower ń rìn nínú igbó ní Cape Cod ní oṣù kọkànlá ọdún 1620, tí wọ́n rí igi kan tí a tẹ̀ ba, Hopkins ni ó sọ fún wọn pé tàkúté àgbọ̀nrín ni. Bradford tí ń bọ̀ lẹ́yìn kò gbọ́, tàkúté náà sì fà á lẹ́sẹ̀. Òun náà ni wọ́n sábà máa ń rán sí àwọn onílẹ̀, ilé rẹ̀ sì ni wọ́n fi Samoset, ọ̀kan nínú àwọn onílẹ̀ náà, wọ̀ sí lálẹ́ ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ wá bá wọn. Ẹni tí ó ti gbé Amẹ́ríkà rí ni í mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, bàbá kan tí ó ní ìyàwó àti ọmọ kí ó tó kúrò nílé ní ọdún 1609 ni a ń wá, Giles àti Constance sì gbọ́dọ̀ wà lára àwọn ọmọ náà. Mo tún padà sí ìwé àna mi. Ohun tí ó gbé Stephen Hopkins ti Wortley wọlé ni pé orúkọ rẹ̀ bá a mu, ọjọ́ orí rẹ̀ sì súnmọ́ ti ẹni tí a ń wá. N kò rí Giles níbẹ̀, n kò sì rí Constance. Ní ti Constance Dudley, kò sí àkọsílẹ̀ ìgbéyàwó kankan tí ó gbè é lẹ́sẹ̀; lójú tèmi, ó jọ pé orúkọ ọmọbìnrin ni ẹnì kan mú fún ìyá, tí ó wá fi orúkọ ìdílé ọlọ́lá kan lé e lórí. Mo mọ̀ pé baba àgbà àna mi kò parọ́. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ni ó fi ọwọ́ rere kọ sílẹ̀, àwọn tí ó sì kọ́ ọ kò ní ìwé Hampshire lọ́wọ́.

Ó yẹ kí n sọ irú ìwé tí ó wà fún ẹni tí ó bá ń wá ìdílé ẹni tí ó ṣí kúrò ní England nígbà náà, nítorí pé wọn kò pọ̀. Ìjọba kò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ àwọn ọmọ tí wọ́n bí sílẹ̀ títí di ọdún 1837. Ṣọ́ọ̀ṣì ni ó ń ṣe é ṣáájú. Thomas Cromwell, ìránṣẹ́ àgbà fún Ọba Henry Kẹjọ, ni ó pàṣẹ ní ọdún 1538 pé kí àlùfáà páríìṣì kọ̀ọ̀kan máa kọ ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú sínú ìwé. Ní ọdún 1598, wọ́n tún pàṣẹ pé kí a da gbogbo rẹ̀ kọ sórí awọ ẹran, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì máa lọ sọ́dọ̀ bíṣọ́ọ̀bù lọ́dọọdún. Ìdí nìyí tí ẹ̀dà bíṣọ́ọ̀bù fi lè gbà wá là ní ibi tí iná tàbí eku bá ti jẹ ti páríìṣì. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé ogún, tí ilé ẹjọ́ àwọn bíṣọ́ọ̀bù ń bójú tó: ìwé ìhágún, àṣẹ láti pín ogún ẹni tí kò ṣe ìwé ìhágún, àti àkójọ ẹrù tí olóògbé fi sílẹ̀. Ìwé ìrìbọmi máa ń sọ orúkọ fún wa, ó sì máa ń dákẹ́ lẹ́yìn ìyẹn; ìwé ogún ni í to ìdílé pọ̀ síbi kan, tí í fi ẹni tí ó jẹ́ ti ẹni hàn.

Ní ọdún 1998, Caleb Johnson, olùwádìí tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lórí àwọn èrò Mayflower, tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde nínú The American Genealogist, ìwé àtìgbàdégbà àwọn tí ń tọpasẹ̀ ìdílé. Ó ti rí wọn. Hursley ni wọ́n wà, abúlé kan láàárín Winchester àti Romsey ní Hampshire. Stephen Hopkins kan ṣe ìrìbọmi fún ọmọ mẹ́ta níbẹ̀: Elizabeth ní ọdún 1604, Constance ní ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún ọdún 1606, àti Giles ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní ọdún 1608. Nígbà tí mo ka orúkọ abúlé náà, mo dìde, mo rìn yí ká inú ilé. Mo ti wa ọkọ̀ gba àárín Hursley kọjá láìmọye ìgbà nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́. Ohun tí mo mọ̀ ọ́n mọ́ kò ju ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM tí ó wà nínú ọgbà ńlá ibẹ̀ lọ. Ọkọ̀ kì í pẹ́ lọ́nà láti ibẹ̀ dé ilé tí a ti kó ọmọ náà jáde.

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ilé ìpamọ́ ìwé Hampshire ní Winchester, tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ gan-an, láti fi ojú ara mi rí i. Àwòrán ìwé náà lórí fíìmù ni wọ́n ń fún ènìyàn, kí ọwọ́ gbogbo ayé má baà ba ojúlówó jẹ́. Ọjọ́ kìíní, n kò lè ka ohunkóhun. Ọwọ́ ìkọ̀wé ìgbà náà yàtọ̀: e máa ń kọ ẹ̀yìn sí ibi tí a mọ̀ ọ́n sí, h máa ń wọ́ ìrù sísàlẹ̀ ìlà, c sì jọ r. Obìnrin kan tí ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gbà mí nímọ̀ràn pé kí n kọ́kọ́ wá orúkọ tí mo mọ̀, bíi John àti William, kí n fi àwọn lẹ́tà wọn kọ́ ojú mi. Ó gbà mí ní ọjọ́ mẹ́ta. Ó tún kìlọ̀ fún mi nípa Látìn, pé bí àlùfáà bá fi èdè yẹn kọ̀wé, Giles kì í jẹ́ Giles mọ́, Egidius ni yóò jẹ́. Ẹni tí kò bá mọ èyí lè gbójú fo baba ńlá rẹ̀ kí ó sì máa bá ìwákiri lọ.

Ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kó ṣìbáṣìbo bá mi jù lọ ni ọjọ́. Ní England ìgbà náà, ọjọ́ 25 oṣù kẹta ni ọdún tuntun ń bẹ̀rẹ̀, ó sì rí bẹ́ẹ̀ títí di ọdún 1752. Nípa báyìí, oṣù kìíní tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún Giles ṣì wà nínú ọdún 1607 ní ìṣirò tiwọn. Bí ènìyàn bá ka 1607 bẹ́ẹ̀, yóò rí i pé láti ìrìbọmi Constance sí ti Giles kò pé oṣù mẹ́sàn-án, ara mi sì kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, nítorí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ ní ilé ìgbẹ̀bí, mo mọ bí obìnrin ti ń bímọ. Mo ti fẹ́ máa rò pé Stephen Hopkins méjì ni ó wà ní abúlé kan kí n tó rántí ọ̀rọ̀ ọdún tuntun. Ọdún 1608 ni lóòótọ́, ogún oṣù ó lé díẹ̀ ni ó sì wà láàárín ọmọ méjèèjì. Ìdí nìyí tí àwọn olùwádìí fi máa ń kọ ọdún méjèèjì pọ̀, 1607/8, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣìnà.

Orúkọ ìyá àwọn ọmọ náà ni Mary. Kì í ṣe Constance, kì í sì í ṣe Dudley. Ọkọ rẹ̀ fi í sílẹ̀ ní ọdún 1609 pẹ̀lú ọmọ kéékèèké, tí Giles jẹ́ ọmọ ọdún kan péré, ó sì lọ sí òkun. Ìròyìn ọkọ̀ tí ó fọ́ dé England, lẹ́yìn náà ni ìròyìn pé àwọn èrò rẹ̀ ti kan ọkọ̀ tuntun méjì ní Bermuda, wọ́n sì ti dé Jamestown. Mary kò gbé pẹ́ kí ọkọ rẹ̀ tó dé. Wọ́n sin ín ní Hursley ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún ọdún 1613, ọjọ́ méjì kí ó tó pé ọdún méje géérégé tí wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún Constance. Mo ṣírò rẹ̀ níbi tí mo jókòó sí nínú ilé ìpamọ́ ìwé, mo ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, mo sì pa ẹ̀rọ tí mo fi ń wò ó, mo jáde sí afẹ́fẹ́.

Ìwé ogún Mary ni ó ká gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó dárúkọ Elizabeth, Constance àti Giles gẹ́gẹ́ bí ọmọ rẹ̀. Bí a bá fi èyí lé orí ọ̀rọ̀ Bradford pé ìyàwó kan ṣáájú ni ó bí àwọn ọmọ méjì, lé orí ẹkún Bermuda, lé orí akọ màlúù àti abo ẹṣin inú ìwé ìhágún, ìtàn náà dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin. Stephen Hopkins mìíràn lè wà. Stephen Hopkins mìíràn tí ó ní Giles àti Constance, tí ìyàwó rẹ̀ kú lákòókò yẹn, tí kò tún sí nílé ní ọdún 1613, n kò gbà pé ó lè wà. Yíǹkì ni mo fi kọ Hursley.

Lẹ́yìn Hursley, ó rọrùn láti tẹ̀lé e. Stephen padà wálé, ó sì fẹ́ Elizabeth Fisher ní ọjọ́ 19 oṣù kejì ọdún 1618 ní ṣọ́ọ̀ṣì St Mary Matfelon ní Whitechapel, ní London. Ilé funfun ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ni àdúgbò náà fi ń jẹ́ Whitechapel. Bọ́ǹbù àwọn Jámánì ba ilé rẹ̀ jẹ́ ní òpin ọdún 1940, pápá ìtura ni ibẹ̀ jẹ́ báyìí, Altab Ali Park, wọ́n sì ti fi òkúta sàmì sí ibi tí ògiri ṣọ́ọ̀ṣì wà tẹ́lẹ̀. Mo lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé kan, mo rìn láti ibi tí ẹnu ọ̀nà wà dé ibi tí pẹpẹ ti gbọ́dọ̀ wà, mo sì ya fọ́tò rẹ̀ fún ọmọ wa.

Ẹni tí ó bá rò pé ìdílé kékeré nìkan ni irú àṣìṣe Wortley ń ṣẹlẹ̀ sí, kí ó wo ti George Washington, ààrẹ àkọ́kọ́ ti Amẹ́ríkà. Sir Isaac Heard, ọ̀gá àwọn tí ń bójú tó àmì oyè ìdílé ní England, ni ó to ìran Washington fún un nígbà ayé ààrẹ náà fúnra rẹ̀. Ó mọ̀ pé arákùnrin méjì, John àti Lawrence, ni ó lọ sí Virginia, ó sì rí John àti Lawrence nínú ìdílé Washington ti Sulgrave ní Northamptonshire, ó so wọ́n pọ̀. Ó lé ní àádọ́rin ọdún kí Joseph Lemuel Chester tó fi hàn ní àwọn ọdún 1860 pé John tí Heard mú jẹ́ ọlọ́lá tí ọba fi jẹ Sir, pé Lawrence rẹ̀ sì jẹ́ àlùfáà, àwọn méjèèjì kò sì lè jẹ́ àwọn tí ó lọ sí Virginia. Ní ọdún 1889 ni Henry FitzGilbert Waters tó yanjú rẹ̀ láti inú ìwé ogún ní Tring ní Hertfordshire: Andrew Knowling hágún fún ọmọ ìsàmì rẹ̀, Lawrence Washington, John Washington sì gba àṣẹ lórí ẹrù ìyá rẹ̀, Amphillis. Àlùfáà Lawrence ti Purleigh, tí Heard pè ní ẹni tí ó rin ìrìn àjò, ni baba àwọn ọmọkùnrin méjèèjì. Ìdílé kan náà ni, ìran kan ni Heard fi ṣì í. Ìwé ogún ni ó tún un ṣe, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Hursley.

Nígbà tí mo kọ lẹ́tà sí àna mi, mo pẹ́ lórí rẹ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, a kì í sì í já ohun tí baba àgbà ẹni kọ kúrò lára ògiri láìsọ ìdí rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Mo fi ẹ̀dà ìrìbọmi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti ìsìnkú Mary sínú àpò ìwé náà, mo sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọdún tuntun. Ó pè mí lọ́jọ́ tí ó gbà á. Ohun àkọ́kọ́ tí ó sọ ni pé, «Mary ni orúkọ rẹ̀.» Ó wí i lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ọdún gbogbo ni òun fi ń dárúkọ ẹlòmíràn ní ipò obìnrin tí ó tọ́ àwọn ọmọ náà nígbà tí baba wọn wà lókè òkun.

Mo lọ sí Hursley pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mi nínú kẹ̀kẹ́ ọmọ. Ilé ṣọ́ọ̀ṣì tí ó wà níbẹ̀ nísinsìnyí kì í ṣe èyí tí wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún Constance. Ìgbà tí John Keble ń ṣe àlùfáà ibẹ̀ ni wọ́n tún un kọ́ ní àwọn ọdún 1840, ilé ìṣọ́ agogo ni wọ́n dá sí. N kò rí òkúta Mary, n kò sì retí rẹ̀. Mo ya fọ́tò ọmọ náà lábẹ́ ilé ìṣọ́ agogo.

Ibi tí ó kù ni ti àwọn òbí Stephen. Ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn ti Johnson, ìwádìí mìíràn tọ́ka sí Stephen tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1581 ní Upper Clatford, ní ẹ̀bá Andover, ọmọ John Hopkins àti Elizabeth Williams. Ìdílé náà kó lọ sí Winchester, John sì kú síbẹ̀ ní ọdún 1593. Hampshire kan náà ni, Winchester kò sì jìnnà sí Hursley. Ohun gbogbo bá ara mu. Ṣùgbọ́n ìwé Upper Clatford kò lè ní Giles àti Constance nínú, ọ̀rọ̀ tí ó sì wà nínú àkọlé ìwádìí náà ni pé ó ṣeé ṣe. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹni tí ó kọ bẹ́ẹ̀. Àna mi fẹ́ kí n parí àtẹ náà kí ọjọ́ ìbí ọmọ tó pé, kí òun lè fi gíláàsì bò ó. Mo ti parí rẹ̀. Láti orí ọmọ náà títí dé orí Stephen, Mary àti Hursley, yíǹkì dúdú ni. Lókè wọn, mo fi pẹ́ńsùlù kọ John, Elizabeth àti Upper Clatford.